Ilé Táyà Tí A Gé Ní Ìgékúgèé

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ara ọkọ̀ ṣe bá ìpàdé ọdọọdún wa sọ)

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ jíípù wa, nítorí pé àwọn kan fẹ́ kí a tà á, àwọn mìíràn sì fẹ́ kí a tún un ṣe. Ọkọ̀ yìí ni ó ń gbé aláboyún àti aláìsàn láti àwọn abúlé oko wá sí ilé ìwòsàn nígbà òjò, nígbà tí ọkọ̀ kékeré kò lè la ẹrẹ̀ kọjá. Láti oṣù Kẹfà, táyà iwájú mẹ́ta ni ó ti ya lára rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń bú ẹni tí ó ta táyà fún wa. Táyà kò jẹ̀bi.

Ohun tí mo ń pè ní ilé táyà ni àyè tí táyà ń yí nínú rẹ̀, láti etí mọ́dígáàdì títí dé páànù tí ó wà nínú lọ́hùn-ún. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ti wọn àyè náà fún táyà tí ó bá a wá. Nígbà tí a wọ táyà ńlá fún un kí ó lè ga kúrò nínú ẹrẹ̀, àyè há; ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún sì mú ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, ó gé etí páànù bí ẹni gé iṣu, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Gígé páànù kò burú fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wa ọkọ̀ nínú aginjù ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ni wọ́n ń gé e. Ohun tí ó burú ni kí a gé e kí a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Etí páànù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé mú bí abẹ. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, táyà kò kàn án. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá yí sítíárìn dé òpin, tí ẹsẹ̀ iwájú kan sì gun òkúta, sípíríìǹgì yóò súnkì, táyà yóò gòkè, etí páànù yóò sì gé e ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ibi tí táyà ti fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ ni ó sì ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò sí fọganáísà tí ó lè lẹ ibẹ̀ tí ọkàn ẹni yóò balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìpẹtà. Irin tí a gé ti bọ́ sí ìhòòhò, ẹrẹ̀ sì ń rọ̀ mọ́ ọn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, etí ilé táyà gan-an ni páànù òde àti ti inú ti pàdé tí a sì jó wọn pọ̀. Ẹni tí ó bá gé ojú ìpàdé yẹn kúrò ti ya wọ́n nìyẹn, omi yóò sì máa wọlé sí àárín wọn níbi tí ojú kò tó. Lára Jeep Cherokee tí wọ́n ṣe láti ọdún 1984 dé 2001, èyí léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ara rẹ̀ àti ẹ̀gúngún rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọkọ̀ tiwa ní ẹ̀gúngún irin tirẹ̀ lábẹ́, èyí ni mo fi ń sọ pé ó ṣe é tún ṣe.

Kí a kọ́kọ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò, kí a yọ táyà, kí a sì wo ohun tí ó wà lẹ́yìn páànù kí a tó tan iná kankan. Ní iwájú, rọ́bà bíréèkì àti wáyà wà nítòsí. Ní ẹ̀yìn, ọ̀nà tí epo ń gbà lọ sínú táńkì sábà máa ń kọjá lẹ́bàá ilé táyà. Ẹni tí ó bá jó irin níbẹ̀ láìtú u kúrò ń fi ẹ̀mí ṣeré. Kí a tú orí bátìrì pẹ̀lú.

Wíwọ̀n ni ó kàn, ibẹ̀ sì ni àwọn oníṣẹ́ wa kì í fẹ́ lo àkókò sí. Kí a dá táyà padà, kí a fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan sókè títí sípíríìǹgì yóò fi súnkì dé ibi tí ó lè dé, kí a yí sítíárìn sọ́tùn-ún àti sósì dé òpin, kí a sì fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tí táyà ti súnmọ́ páànù. Lára ọkọ̀ wa, wọ́n gé òkè, tí táyà kì í kàn, ní àgéjù. Wọ́n sì fi igun ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn sílẹ̀, níbi tí ó ti ń kàn án gan-an.

Igun yẹn ni a ó gé. Òkè ni a ó pa páànù tuntun mọ́. Kí a fi páálí ṣe àpẹẹrẹ ná, nítorí páálí kò wọ́n. Bí ó bá jókòó dáadáa, kí a wá gé páànù irin tí ó nípọn tó mìlímítà 1. Kí wẹ́dà má ṣe fa iná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ooru a máa ká páànù fẹ́lẹ́ kò bí ewé gbígbẹ. Kí ó fi kan ìhín díẹ̀, kí ó fi kan ọ̀hún díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó tutù. Bí páànù bá ní síǹkì lára, kí ó lọ ọ́ kúrò, kí ó sì ṣiṣẹ́ níta gbangba, nítorí èéfín síǹkì a máa fa ibà. Níbi tí páànù méjèèjì ti yapa, kí a fi òòlù lù wọ́n pàdé kí a tó jó wọn. Etí tí ó bá kù, kí a tẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́nà táyà, kí a sì fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀.

Bọ́dífílà kì í ṣe irin. Kí a kun ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà sí inú àti òde, kí a fi àtè dí ojú ìpàdé, kí a tó kun ọ̀dà tí ojú ń rí. Rọ́bà tí àwọn kan fi ń bọ etí páànù dára, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀dà lábẹ́ rẹ̀, omi ni yóò máa gbà pamọ́.

Ọ̀rọ̀ Land Rover àtijọ́ yàtọ̀. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1948, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú páànù rẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n bí ó bá kan irin tí omi sì wà láàárín wọn, yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, yóò di ìyẹ̀fun funfun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa irin mọ́ ọn láìfi ọ̀dà sí àárín.

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù, etí ilé táyà wà lára ibi tí ìpẹtà ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ fi ìka tẹ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó.

Alága, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a tún ọkọ̀ náà ṣe kí òjò tó dé, kí a má sì ra táyà kẹrin títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan etí ilé táyà rẹ̀ kí ó tó dìbò, kí ó rọra.