Eré Ọmọdé, Ẹ̀kọ́ Ni: Bí A Ṣe Lè Fi Eré Kọ́ni Ní Ìdárayá Ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú)

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé àwa olùkọ́ lọ́wọ́ ni bí a ṣe lè fi eré kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìdárayá. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa wí nínú ọkàn wọn pé, "Ṣé eré náà tún di ohun tí a ń kọ́ ọmọ?" Àwọn gan-an ni a tìtorí wọn dìde.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a ti ń bọ̀. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, díríìlì ni ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ sí ìdárayá. Ọmọ a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, olùkọ́ a fun fèrè, wọn a gbé apá sókè, wọn a sọ ọ́ kalẹ̀, wọn a sì yan bí ọmọ-ogun. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún, tí í ṣe Ọjọ́ Ẹ́ḿpáyà, wọn a yan níwájú àwọn aláṣẹ, wọn a sì sáré ìje. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu díríìlì. Ó kọ́ ọmọ ní ìgbọràn àti ìdúró ṣánṣán. Ṣùgbọ́n kò kọ́ ọmọ ní ìrònú, nítorí ẹni tí ń pàṣẹ nìkan ni ó ń ronú níbẹ̀. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tí ó wọlé lé ní 800,000. Ire ńlá ni. Láti ìgbà náà ni a sì ti ń bá ìṣòro kan yí: ọmọ pọ̀, ohun èlò kò tó.

Àwa ará Ìbàràpá méje, Igbó-Òrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgangan, ni ó yẹ kí ó mọ iyì ẹsẹ̀ tí ó lè sáré ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀yin àgbà kò gbàgbé ìgbà tí sòbìà ń yọ ilẹ̀ wa lẹ́nu, pàápàá ní Ìdèrè. Nínú omi tí a ń mu ni ó ti ń wọ ara; bí ó bá tó bí ọdún kan, aràn náà a dá ojú egbò sí ẹsẹ̀, a sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ó bá mú kò lè rìn dé ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí a má tilẹ̀ wá sọ pé yóò sáré. Àwọn ará Yunifásítì Ìbàdàn, tí iṣẹ́ ìlera wọn bẹ̀rẹ̀ ní Igbó-Òrà ní 1963, wà lára àwọn tí ó bá wa gbógun tì í. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ ọmọ wa ti bọ́ lọ́wọ́ aràn. Kò yẹ kí àwa olùkọ́ àti òbí tún fi àjókòójù dè é mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ṣẹlẹ̀. Bí ìdánwò bá ti súnmọ́, àkókò ìdárayá ni a kọ́kọ́ ń jí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a mọ̀, koríko ni a ń fi í ro. Ní òmíràn, olùkọ́ a ju bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ fún ọmọ 60, a sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Àwọn ọmọkùnrin bíi mẹ́wàá tí ó lágbára ni yóò gbá a; àwọn ọmọbìnrin yóò dúró wòran, àwọn tí ojú ń tì yóò sì máa fi igi wa ilẹ̀. Nígbà tí a tún ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ṣe, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, a kó ìdárayá pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ó sì túbọ̀ rọrùn láti fò ó. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2020 ni pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara dáadáa fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́.

Kí ni ṣíṣe? Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú ṣòkòtò wa. Ẹ wo ẹkùn-mẹ́ran. Àwọn ọmọ a di ọwọ́ ara wọn mú, wọn a ṣe agbo. Ọ̀kan a jẹ́ ewúrẹ́ láàrin, ọ̀kan a jẹ́ ẹkùn lóde. Ẹkùn a máa wá àlàfo, agbo a máa dí i mọ́ ọn. Eré yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹkùn ń kọ́ bí a ti í yí eré sísá padà lójijì, ewúrẹ́ ń kọ́ bí a ti í yẹ̀, agbo ń kọ́ àjùmọ̀ṣe, orin tí wọ́n sì ń gbè ń mú kí èémí wọn jinlẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ 60, kí a ṣe agbo mẹ́rin, ọmọ 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí yóò wòran.

Sùwé ń kọ́ ọmọ láti dúró lórí ẹsẹ̀ kan kí ó má ṣubú, ó sì ń kọ́ ọ ní ìṣirò bí a bá kọ nọ́ńbà sínú àwọn ilé rẹ̀. Tẹ̀ńtẹ́n ń mú kí ojú àti ẹsẹ̀ yá. Òkòtó ń mú ìka ọwọ́ le fún ìwé kíkọ. Ìjàkadì ń kọ́ni ní agbára àti ìfaradà, bí a bá ti rí i pé yanrìn jinlẹ̀, tí a sì fi ẹgbẹ́ kọ ẹgbẹ́ ní ti ìwọ̀n ara.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyèsí gidigidi. Nínú ọ̀pọ̀ eré, ẹni tí a bá mú ni a ń lé jáde. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo ni a sì ń kọ́kọ́ mú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó nílò eré jù. Nítorí náà, bí ẹkùn bá mú ọmọ kan, kí ọmọ náà di ewúrẹ́ tuntun tàbí ẹkùn kejì. Kí ó má ṣe di òǹwòran. Àwa tí a wà ní ìlú ìbejì tún ní ọ̀ràn tiwa: kí a má ṣe máa fi Táíwò kọ Kẹ́hìndé nígbà gbogbo láti mọ ẹni tí ó yára jù. Ìfiwéra tí wọ́n ń rí nílé ti tó wọn.

Bí àkókò bá jẹ́ 30 ìṣẹ́jú, kí a fi 5 mú ara gbóná, kí a fi 10 kọ́ ọgbọ́n kan ṣoṣo, bíi yíyẹ̀ tàbí fífò, kí a fi 12 ṣe eré tí ó nílò ọgbọ́n náà, kí a sì fi 3 tí ó kù mí, kí a bi àwọn ọmọ pé, "Báwo ni ẹkùn ṣe rí ọ̀nà wọlé?" Ìbéèrè yìí ni ó ya ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára eré lásán. Kí a ṣa àfọ́kù ìgò kúrò nílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀; kí a yẹra fún oòrùn ọ̀sán gangan. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde gbọ́dọ̀ máa rí omi mu, kí ó sì sinmi nígbà tí ó bá fẹ́. Kí a má lé e kúrò níbi eré; a lè fi fèrè tàbí àmì kíkà sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2022, Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá 100 mítà onígi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà. Kò sí obìnrin tí ó tíì yá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ni Àmúsàn. Àwọn tí ó kù ni yóò ṣe àgbẹ̀, tí yóò tajà, tí yóò bímọ, tí yóò dàgbà, àwọn náà sì nílò ara líle títí ọjọ́ alẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a ní sí ẹgbẹ́ yìí. Èkínní, pápá ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ilẹ̀ òfo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé e tà, kí a má sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i. Kí ẹgbẹ́ wọn ààlà rẹ̀, kí ó sì fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí pápá tí ó bá ti lọ kì í padà. Èkejì, kí a ra okùn, kí a sì kó yanrìn sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ kò tó ti àsè ọjọ́ kan. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ìyá àgbà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan láàrin táàmù, kí ẹ wá kọ́ àwọn ọmọ àti àwa olùkọ́ ní àwọn eré tí ẹ ṣe ní kékeré, kí wọ́n má bàa bá yín lọ.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kí Ìbàràpá máa gbèrú, kí a má fi ọmọ sin ọmọ.