Ológò Inú Fóònù: Ta Ló Fi Nọ́ńbà Mi Dógò?

  Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà fóònù, ìyẹn ni pé ó kan gbogbo wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi. N kò mọ nọ́ńbà náà rí. Ó dárúkọ obìnrin kan, ó ní olè ni, gbájúẹ̀ ni, ó ní àwọn ọlọ́pàá ń wá a, àti pé bí n kò bá jẹ́ kó san owó tó jẹ, wọn yóò ka èmi náà mọ́ ọn. Kò pẹ́ ni fọ́tò rẹ̀ dé lórí WhatsApp, wọ́n fi pupa kọ ONÍJÌBÌTÌ sí i níwájú orí. Obìnrin yìí ló ń bá mi rán aṣọ. Ohun tó dà wá pọ̀ kò ju ẹ̀wù mẹ́ta àti ṣòkòtò kan lọ. N kò bá a yáwó, n kò dúró fún un, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yá nǹkan kan. Nọ́ńbà mi ṣáà wà lórí fóònù rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà sí status mi láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo ní kí ẹ sọ èrò yín. Ẹ sì sọ ọ́! Apá kan ní, “Ta ló ní kó yá ohun tí kò lè san? Nígbà tó ń gbowó, ṣé ó pè wá?” Apá kejì ní àwọn loan app gan-an ni olè, pé ẹni tó bá rí owó wọn gbà kó máa sá lọ. Arákùnrin kan tilẹ̀ ń yangàn pé app mọ́kànlá lòun ti jẹ, òun sì ti ju síìmù náà nù. Ó ní ìpín òun nínú owó ìjọba nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbà fún un.

Èmi kò sí nínú apá méjèèjì. Gbèsè, sísan là ń san án. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Bí aránṣọ wa bá jẹ owó, kó san. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: nígbà tó ń yá owó yìí, kí ló fi dógò? Kò fi ilé dógò. Kò fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dógò. Èmi ló fi dógò. Èmi, àti ìyá ọkọ rẹ̀, àti olùkọ́ ọmọ rẹ̀, àti ẹni tó ń ta gáàsì fún un. Òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. O gbé app sórí fóònù. Kó tó ṣí dáadáa, ó bi ọ́ pé ṣé kóun wo contacts rẹ? Ṣé kóun ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ? Ṣé kóun wo fọ́tò rẹ? Allow, allow, allow. Ta ló ń kà á? Bó bá ku ọ̀la kí wọ́n lé ọmọ rẹ nílé-ìwé, o ò ní ráyè ka nǹkan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ ti kọjá sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ò mọ̀. Bó o bá yọ app náà kúrò lọ́la, àwọn nọ́ńbà yẹn kò ní bá ọ padà.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ká sọ pé ₦20,000 lo fẹ́ yá. Àwọn tó burú nínú wọn á ti yọ èlé àti owó iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ, ₦13,000 lo máa rí nínú àkáǹtì. Lọ́jọ́ keje, ₦20,000 ni wọ́n ń retí. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦7,000 lórí ₦13,000 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ju ìdajì ohun tó o gbà lọ! Àwọn gbọ́múlélántà tá a máa ń bú, tí wọ́n máa ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn ìyá wa, n kò tíì gbọ́ kí wọ́n ṣe irú èyí. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà wọn, èèyàn mọ ọ́fíìsì wọn, èèyàn sì mọ ojú ẹni tó ń gbowó lọ́jọ́ ìpàdé.

Ẹ má sọ fún mi pé àwọn tó ń yá a kò lóye. Púpọ̀ nínú wa sá wá sí Mowé àti Ìbàfò nítorí owó ilé Èkó ni. Iṣẹ́ wà ní Èkó, ilé wà ní Ògùn, owó ọkọ̀ ló dúró láàárín méjèèjì. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí jálá kan fò kúrò ní bíi ₦190 tó sì kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó ń lọ Berger lójoojúmọ́ mọ ohun tójú òun rí. Ẹ̀yin ará Ìfọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń gba Sango já sí Agége náà mọ̀ ọ́n. Owó oṣù a máa tán ní ogúnjọ́, ibi iṣẹ́ kì í sún mọ́lé. Owó tí ọ̀pọ̀ ń yá lórí app, owó ọkọ̀ àti gaàrí ni.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ nípa ológò. Bí gbèsè bá ti pẹ́ jù, olówó á lọ wá ológò. Ológò á wọ ilé onígbèsè, á jókòó tì í, á sọ ara rẹ̀ di ìyọnu fún un àti fún gbogbo agboolé, títí àwọn ará ilé fúnra wọn á fi máa wá owó náà kiri. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kí wọ́n dógò tini. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni àmúyá. Nínú àmúyá, wọ́n lè mú ìbátan onígbèsè, àní ará ìlú rẹ̀ lásán tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kí wọ́n dá a dúró títí gbèsè ẹlòmíràn á fi di sísan. O lè máa lọ sọ́jà tìẹ, kí wọ́n mú ọ nítorí pé ìwọ àti onígbèsè kan jọ ti ìlú kan náà wá. Ìjà ìlú sí ìlú ti tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ológò àti àmúyá ni àwọn app yìí pa pọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ológò ayé àtijọ́ ní ìyọ̀ǹda àwọn aláṣẹ ìlú, a sì mọ̀ ọ́n lójú. Ológò tòde òní, síìmù lásán ni. O dí nọ́ńbà kan pa, ó fi òmíràn pè ọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n sì mọ̀ wá dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé a máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n wá sọ òwe yẹn di ọjà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ₦13,000 rán yín létí òwe yẹn. Owó ni. Èèyàn á ṣe é, á san án.

Ìjọba kò sùn pátápátá o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn ₦10 mílíọ̀nù lé Soko Lending, àwọn tó ni Sokoloan. Kókó ẹjọ́ náà ni ohun tí mò ń sọ yìí gan-an: àwọn tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí kò sí nínú àdéhùn owó, kò sì sẹ́ni tó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, FCCPC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, tí Babatunde Irukera jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, kó àwọn ICPC, NITDA àti ọlọ́pàá lẹ́yìn, wọ́n já wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Opebi, n'Ìkẹjà. Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ní kí gbogbo loan app wá forúkọ sílẹ̀. Google náà fòfin dè é pé láti 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, app tó ń yáni lówó lórí Play Store kò gbọdọ̀ wo contacts tàbí fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin ààbò déètà wa dé nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ní oṣù keje ọdún 2025, FCCPC tún gbé ìlànà tuntun jáde: ìtanràn lè tó ₦100 mílíọ̀nù, tàbí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún.

Báwo wá ni àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe tún ń wọlé? Ẹ wo ojú ihò náà: òfin Google, orí Play Store ló mọ. App tí wọ́n fi línkì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, tí ẹ gbé sórí fóònù fúnra yín, òfin yẹn kò kàn án. Kò sì sí òfin tó lè pa nọ́ńbà tí wọ́n ti kó lọ ṣáájú rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí pé báwo ni olówó ṣe máa gbowó rẹ̀, ọ̀nà wà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àgbà ti gbé ètò kan kalẹ̀, GSI lorúkọ rẹ̀, tí báńkì tó yáni lówó lè fi yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì onígbèsè ní báńkì yòówù, nítorí BVN kan ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ àkọsílẹ̀ ẹni tó ń sanwó àti ẹni tí kì í san wà pẹ̀lú. Èkó ní kóòtù fún gbèsè kéékèèké láti 2018. Olówó tó bá sá fún gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, èrò tèmi ni pé kò fẹ́ kí adájọ́ rí èlé tó kọ síbẹ̀.

Arákùnrin app mọ́kànlá, ìwọ náà gbọ́ o. Síìmù tìẹ lo jù nù, o ò ju tiwa nù. Gbogbo àwa tá a wà lórí fóònù rẹ là ń gba ìpè lórúkọ rẹ.

Ṣùgbọ́n àwa tá à ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ bá wí jù. Mo lọ kí aránṣọ wa. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ní ìpè àwọn ológò yẹn kọ́ ló lé òun wọlé, òun ti mọ èèbù wọn sórí. Ẹnì kan ládùúgbò ló gba fọ́tò náà, tó gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ onílé, ló bá di pé oníbàárà kan wá gba aṣọ ẹbí rẹ̀ padà láì tíì gé e. Òmíràn bi í níwájú èèyàn pé, “Ṣé ìwọ ni wọ́n ń wá yẹn?” Ológò ò kúrò ní ibi tó jókòó sí. Àwa ni ẹsẹ̀ tó fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tí wọ́n gbà lọ yẹn ló yẹ kó fi san gbèsè.

Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù kó tó di pé wọ́n pa á rẹ́, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn níbẹ̀. Ẹ pe ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe láti bá a wí o, kó lè mọ ohun tí wọ́n ń kọ kiri ni, kó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lè fi ẹjọ́ sun FCCPC, nítorí wọ́n ti ṣẹ ẹ̀yin náà, ẹ ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè, kó béèrè àkọsílẹ̀ owó tó gbà àti èyí tó ti san, kó sì wò ó lórí ìwé orúkọ FCCPC bóyá wọ́n mọ ayánilówó náà rárá. Kó má ṣe yá lọ́wọ́ app kejì láti san ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni mọ́kànlá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí Settings lórí fóònù yín kí ètò tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ lọ síbi Permissions, ẹ tẹ Contacts, ẹ ka iye app tó ń wo nọ́ńbà wa níbẹ̀, kí ẹ sì kọ iye náà ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń ṣe ètò yìí ka tirẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó bá app tọ́ọ̀ṣì láàárín wọn. Tọ́ọ̀ṣì! Ta ni tọ́ọ̀ṣì fẹ́ pè?