Ara Ríro, Inú Rírun: Oògùn Wà Nínú Ìwọ̀n



Ìyá kan jí láàárọ̀, gbogbo ara ń ro ó bí ẹni tó gún iyán mọ́jú. Oorun tó sùn kò ṣe é láǹfààní. Kó tó dé ọjà, inú ti wú, ó ti ń run ún. Bí kò bá ya ìgbẹ́ gbuuru, a jẹ́ pé kò rí ìgbẹ́ yà rárá. Wọ́n ní làkúrègbé ló wà lára, jẹ̀díjẹ̀dí ló wà nínú, wọ́n sì fún un ní àgbo méjì. Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ya fọ́tò, wọn kò rí nǹkan kan. Ni ará ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ọ̀lẹ wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìrora náà kì í ṣe irọ́.

Èyí tó wà lára ni àwọn dókítà ń pè ní fibromyalgia. Èyí tó wà nínú ìfun ni IBS. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọ̀kan ló ní èkejì, nítorí pé ọpọlọ àti àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ara lọ bá a ti dà bí ajá tó ń gbó mọ́ ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú ìfun, èyí tí ẹlòmíì kò ní fura sí, á di ìrora ńlá lọ́dọ̀ rẹ̀. Àìsùn ń dá kún un. Ní 1975, Harvey Moldofsky àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto kò jẹ́ kí àwọn tí ara wọ́n le sun oorun àsùnwọra fún òru díẹ̀. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ẹ ń rù láìnídìí, tí ibà ń ṣe yín, tàbí tí ìgbẹ́ ń jí yín lóru, IBS kọ́ ni kí ẹ rò. Ẹ tètè lọ rí dókítà.

Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn oríkèé ara ní Yúróòpù yẹ gbogbo ìtọ́jú fibromyalgia wò. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà fún: eré ìdárayá. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Gothenburg, ní Sweden, ní kí àwọn tó ní IBS fi kún bí wọ́n ṣe ń lo ara fún ọ̀sẹ̀ 12; inú wọn rọ̀ ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Oògùn kan náà fún àrùn méjèèjì nìyẹn, owó kékeré kò sì lọ sí i.

Ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣòro. Ọjọ́ tí ara bá yá ni mo ń bẹ̀rù jù fún aláìsàn yìí. Ọjọ́ yẹn ni yóò fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì, gbá àgbàlá, lọ ọjà, kó tó wá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ìrìn, lójoojúmọ́, yálà ara yá tàbí kò yá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un. Ẹni tí ìrìn kò bá wù lè jó. Ní Boston, ìwádìí tí Chenchen Wang ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní 2018 lórí ènìyàn 226, fi hàn pé tai chi, eré àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe jẹ́jẹ́, kò kéré sí eré tí ń mú èémí yára, ó tilẹ̀ jù ú lọ níbòmíì. Nígbà tí mo kà á, ijó àgbà ló wá sí mi lọ́kàn, èyí tí ẹsẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀ púpọ̀.

Ní ti oúnjẹ, inú ló ń ràn lọ́wọ́ jù. Ẹ̀rí rẹ̀ lórí ara ríro kò tó ti eré ìdárayá. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: àwọn ṣúgà kan wà tí ìfun kékeré kì í lè gbà tán. Wọ́n ń fa omi wá sínú ìfun, wọ́n á dé ìfun ńlá, kòkòrò ibẹ̀ á jẹ wọ́n, afẹ́fẹ́ á sì kún inú. Wọ́n wà nínú àlùbọ́sà, áyù, ẹ̀wà, búrẹ́dì, wàrà, máńgòrò. Ìrẹsì, iṣu, ẹyin, ẹja àti kárọ́ọ̀tì kò ní wọn tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí: ọbẹ̀ wo là á sè láìsí àlùbọ́sà? Ṣúgà inú àlùbọ́sà ń yọ́ sínú omi, kì í yọ́ sínú òróró. Ẹ din án nínú òróró, ẹ ṣà á kúrò kí ata tó wọ ìkòkò. Adùn rẹ̀ ti kù sínú òróró. Ewé rẹ̀ tútù pàápàá kò léwu. Ní ti ẹ̀wà, àwọn ìyá wa tó ń rẹ ẹ́, tó ń bó o, tó ń da omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ fún mọ́ínmọ́ín, ń da díẹ̀ nínú ṣúgà náà nù pẹ̀lú omi yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà péré ni kí ẹ fi yẹra fún àwọn oúnjẹ tí ṣúgà wọ̀nyí pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá yẹra fún gbogbo rẹ̀ títí ayé á fi ebi pa ara rẹ̀, á sì fi ebi pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun. Lẹ́yìn náà, ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan ẹ̀wà, ṣíbí méjì lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mẹ́rin lọ́jọ́ kejì, àwo kékeré lọ́jọ́ kẹta, kí ẹ sì máa kọ bí inú ṣe rí sínú ìwé.