Ìwé Àṣírí, Àmáánà Ni

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí ó pamọ́ àti ohun tí ó hàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn Isilaamu, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò ní ìwé tí kì í ṣe gbogbo ojú ni ó yẹ kí ó rí i: orúkọ àwọn aláìní tí ń gba sàká, ẹjọ́ tọkọtaya, owó ẹni tí ó ní kí á má dárúkọ òun. Síbẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ a máa dé ọwọ́ agbẹjọ́rò, ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé ìwòsàn nígbà mìíràn. Ọ̀nà wo ni ó tọ́ láti gbà fi í ránṣẹ́? Suratu-n-Nisai, ẹsẹ 58, ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀: ọ̀ranyàn ni kí àmáánà dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ànọ́bì kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé. Nígbà tí ó fẹ́ kọ̀wé sí àwọn ọba òkèèrè, ó ṣe òrùka fàdákà tí ó fi ń tẹ èdìdì. Ní ọdún 2 Híjírà, ó fún Abdullah bin Jahsh ní ìwé kan, ó sì pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ṣí i àfi lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ méjì. Ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ gan-an kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ títí àkókò fi tó.

Ìtàn Hatib bin Abi Baltaah ni ó yẹ kí ó bani lẹ́rù jù. Ní ọdún 8 Híjírà, kí Ànọ́bì tó lọ ṣẹ́gun Mẹ́kà, Hatib fi ìwé rán obìnrin kan sí àwọn Kuraiṣi láti tú àṣírí ìrìn náà. Ali, Zubayr àti Miqdad lé e bá, inú irun dídì rẹ̀ ni ìwé náà ti jáde. Hatib kì í ṣe munaafiki. Ó jà ní Badri. Ẹbí rẹ̀ tí kò ní aláàbò ní Mẹ́kà ni ó ń rò. Ànọ́bì gba àwíjàre rẹ̀, ṣùgbọ́n Suratul-Mumtahina sọ̀kalẹ̀ láti kìlọ̀. Èrò rere kò sọ ìtúsíta àṣírí di ẹ̀tọ́.

Lónìí, kò sí ẹni tí a lè lé bá lójú ọ̀nà mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative kéde pé wọ́n ń ta nọ́ńbà NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 100 náírà. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì fún ẹgbẹ́ tí àṣírí bá jò lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó lè pa ènìyàn lára, ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tí ń mójú tó o.

Nítorí náà, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kíyè sí nǹkan mẹ́rin:

Èkíní, kí ó yọ ohun tí ẹni ìta kò nílò kúrò. Nọ́ńbà lè dúró fún orúkọ opó.

Èkejì, kí ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti fáìlì náà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ránṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn, lẹ́yìn tí ó ti rí i dájú pé ẹni tí ó yẹ ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ àpótí kò tíì ti nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, kí ó má fi ìwé sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà àwọn tí ń tẹ ìwé fún ará ìlú ní Ṣápọ́n tàbí ní Láfẹ́nwá.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó gbà á àti ọjọ́ tí ó gbà á sílẹ̀, kí ó sì gba ìlérí pé yóò pa á rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Opó tí orúkọ rẹ̀ bá ti inú ìwé sàká jò dé ọjà Ìtòkú kò ní padà wá béèrè ìrànlọ́wọ́ mọ́. Ebi ni yóò sì máa pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Kí Ọlọ́hun fi wá sínú àwọn olùpamọ́ àmáánà. Àmín.