Irin Márùn-ún Lára Eegun Kan

Ẹni tó bá ń gba Kpakungu ní Minna kọjá mọ ìdí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ eegun: ọ̀kadà. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fi itan dá. Ẹ wá fi àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kún un, tí orí eegun itan ń kú mọ́ lára nígbà tí wọn ò tíì pé ọdún 30. Ìbàdí irin tí wọ́n fi sí ẹni ọdún 80, bó bá lo ogún ọdún, ó parí iṣẹ́. Ẹni ọdún 25 ńkọ́?

Irin tí kì í dípẹtà tí àwọn dókítà ń lò ní nickel nínú, ara ẹlòmíràn ò sì gba nickel. Ó tún le jù. Líle eegun kò ju gigapascal 10 sí 30 lọ. Ti irin yìí tó 200, ti àdàlù titanium tó 110. Irin tó le báyìí a máa gba ẹrù mọ́ eegun lọ́wọ́, eegun tí kò sì rẹ́rù gbé a máa joro. Bó bá joro tán, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Láyé àtijọ́, bí a bá ń da irin pọ̀, ọ̀kan ló ń jẹ́ ọbẹ̀, ìyókù ń ṣe bí iyọ̀. Ní 2004, Brian Cantor ní Oxford àti Jien-Wei Yeh ní Taiwan, tí kálukú ń ṣe tirẹ̀, fi hàn pé irin márùn-ún lè wà ní ìwọ̀n kan náà, kí átọ́ọ̀mù wọn dàrú mọ́ra, kí ó sì di irin gidi. Yeh ló sọ ọ́ ní high-entropy alloy. Ẹnikẹ́ni má fi ti Cantor sára o: cobalt àti nickel wà níbẹ̀!

Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Osaka ní Japan ló ṣa èyí tí ara gbà: titanium, niobium, tantalum, zirconium àti molybdenum. Ní 2017 wọ́n kéde pé sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ eegun tẹ́ ara sórí rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lórí titanium. Ṣùgbọ́n ó le ju titanium lọ; ìdí nìyẹn tí àwọn tó tẹ̀ lé wọn fi ń yí ìwọ̀n náà padà. Púpọ̀ iṣẹ́ yìí ṣì wà ní yàrá ìdánwò, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó wà ná.

Yíyọ́ irin márùn-ún yìí pọ̀ kì í ṣe eré. Titanium ń yọ́ ní 1,668°C, tantalum ò dáhùn títí di 3,017°C. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ nínú gáàsì argon, lórí bàbà tí omi ń tù. Wọ́n á dojú ègé irin náà dé, wọ́n á tún un yọ́, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Síbẹ̀, bí o bá là á wò lábẹ́ maikirosíkóòpù, wàá rí tantalum tó ya ẹ̀ka bí igi, zirconium á sì fara pamọ́ sáàárín ẹ̀ka.

Èyí tó dùn mí ni pé ilé wa ni méjì nínú irin wọ̀nyí wà. Jos ni òléwájú ayé láàárín ọ̀rúndún tó kọjá nínú columbite, òkúta tí niobium ti ń jáde. Tantalite, òkúta tí tantalum ti ń jáde, wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Yàgbà. Òkúta lásán là ń tà. Niobium àti tantalum máa ń lẹ̀ mọ́ra nínú òkúta kan náà, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ni owó wà. Hydrofluoric acid ni wọ́n sì fi ń yà wọ́n, èyí tó ń wọ inú ẹran dé eegun, uranium àti thorium sì lè wà nínú pàǹtí rẹ̀. Nítorí náà, bí yunifásítì wa bá fẹ́ dáwọ́ lé e, kí ó kọ́kọ́ kọ́ ibi tí pàǹtí yóò wà kó tó ra iná tí yóò fi yọ́ irin.