ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ ÀJÙMỌ̀LÒ: Ẹ WÁDÌÍ KÍ Ẹ TÓ DÁ ẸJỌ́
Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan láti Ìgàńdò sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

Akọ̀wé wa ni ó ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ará ilé kan jọ ń lò. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Iṣẹ́ tí awakọ̀ ń gbà, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti wọ inú ẹ̀rọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Láti ìgbà náà, kí ará ilé dáwó jọ ra dátà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì mọ́.

Ní ilé tí mo ń gbé, ìdílé mẹ́fà ni ó jọ ń dáwó. Ráútà kan ni a ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó wà. Ní ọjọ́ kan, íntánẹ́ẹ̀tì dédé dákẹ́ lọ́dọ̀ àwọn kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ariwo sọ. A ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni ó ń fi bọ́ọ̀lù wíwò jẹ dátà tán. Iṣẹ́ ni ọmọ náà sì ń wá, nítorí pé wọ́n ti dá a dúró níbi iṣẹ́ rẹ̀. A kò bi í ní ìbéèrè kankan. A yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, a yọ ọ́ kúrò. Èmi gan-an ni mo dá àbá náà.

Kí n tó sọ bí ó ti parí, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀nà ìwádìí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní, ẹ bèèrè bóyá ẹnìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí tàbí gbogbo ilé. Bí ọkọ̀ kan bá kú, ọkọ̀ náà ni à ń tú. Bí gbogbo ọkọ̀ bá dúró, ojú ọ̀nà ni à ń wò. Bí gbogbo ilé kò bá rí i lò, ẹ yẹ ráútà wò, tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta dátà. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan, ẹ yẹ ẹ̀rọ tirẹ̀ àti wáyà rẹ̀ wò.

Èkejì, ẹ wo àwọn iná kéékèèké ara ráútà. Ẹ pa á, ẹ ka ení dé ọgbọ̀n, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ wò ó bóyá eku ti jẹ wáyà, tàbí kò wọlé dáadáa.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo dátà. Ẹ fi SIM inú ráútà sínú fóònù, kí ẹ tẹ *323#. Láti ọdún 2023, nọ́ńbà kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù ń lò fún èyí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo nọ́ńbà. Ráútà ni ó ń pín nọ́ńbà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bí akọ̀wé gáréèjì ti ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà tí yóò fi tò. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ráútà kò fún un ní nọ́ńbà rárá. Èyí tí wọ́n kọ default gateway sí ni ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà jáde. Ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ping 8.8.8.8. Bí èsì bá wá, síbẹ̀ tí ojú ewé kankan kò ṣí, ọ̀nà dára. DNS, tí ó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, ni ó ń yọ yín lẹ́nu.

Ẹ̀karùn-ún, àṣìṣe mìíràn kì í ti inú ilé wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Kò sí ẹni tí ó lè fi títan ráútà ní Ẹ̀gbẹ́dá tún ìyẹn ṣe. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, ẹ fi ẹjọ́ sùn wọ́n, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622; ọ̀fẹ́ ni.

Nísinsìnyí, bí tiwa ti parí. Ọmọ tí a yọ kúrò náà ni ó wá bá wa. Ó gba fóònù méjì, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́, ó sì wo ẹnu ọ̀nà wọn. Ọ̀kan jẹ́ 192.168.1.1, èkejì jẹ́ 192.168.0.1. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ráútà méjì ló wà nílé yìí."

Ara mi tutù. Èmi ni mo ra ráútà àlòkù kan, tí mo fi wáyà so ó mọ́ tilé kí Wi-Fi lè dé yàrá mi dáadáa. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí pín nọ́ńbà tirẹ̀. Akọ̀wé méjì nínú gáréèjì kan! Ọkọ̀ tí ó bá gba nọ́ńbà lọ́wọ́ èyí tí kò ní ẹnu ọ̀nà kò lè jáde. Ọmọ náà pa DHCP, èyíinì ni iṣẹ́ nọ́ńbà pípín, lórí ráútà mi, ó sọ nọ́ńbà ráútà náà di 192.168.1.2, a pa gbogbo ẹ̀rọ, a tún wọn tàn. Gbogbo rẹ̀ padà sípò. Dátà wa kò tilẹ̀ tíì tán.

Mo bẹ ọmọ náà níwájú gbogbo ará ilé. Ẹ̀yin ará, bí ọ̀gá bá dá òṣìṣẹ́ dúró láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, a máa ń pariwo nínú gbọ̀ngàn yìí pé ìwà ìkà ni. Ohun tí èmi náà ṣe nílé nìyẹn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Nítorí náà, ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ owó sí. Ẹ yan ẹnìkan tí yóò mú ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má so ẹ̀rọ mọ́ ti àjọlò láìsọ fún àwọn yòókù. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó tú ènìyàn.