Ẹni Tó Gbọ́ Èdè Méjèèjì

 

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Ama Ata Aidoo, ọmọ Gánà, ní Yunifásítì Legon nígbà tí wọ́n ṣe eré rẹ̀, The Dilemma of a Ghost, ní ọdún 1964. Nínú rẹ̀, Ato mú ìyàwó rẹ̀, Eulalie, wálé láti Amẹ́ríkà. Ìyàwó kò gbọ́ èdè ìyá ọkọ. Tọkọtaya ti jọ gbà pé àwọn kò tíì fẹ́ bímọ, ṣùgbọ́n Ato dákẹ́, ẹbí sì rò pé àgàn ni obìnrin náà. Nígbà tó jẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ bá a wí, ó sì fa ìyàwó mọ́ra.

Aidoo di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1982. Nígbà tó rí i pé òun kò lè sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó fi ipò sílẹ̀, ó sì kó lọ sí Zimbabwe ní 1983. Òun náà wá di àlejò, àmọ́ kò dákẹ́: ó kọ ewì fún àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ó kú ní 2023.

Èmi ti ṣe bíi ti Ato. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, ọmọ mi a máa bi mí pé, "Kí ni màmá àgbà sọ?" Màá ní, "Kò sí nǹkan." Lẹ́yìn tí màmá padà sílé, ọmọ náà ní, "Ṣé wọn kò fẹ́ràn mi ni?" Bẹ́ẹ̀, oríkì rẹ̀ ni wọ́n ń kì láràárọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká máa túmọ̀ fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bèèrè.